Bakitéríà àti ẹ̀fọn tí apá oògùn ò ká mọ́

Ìbéèrè: Mo kà á pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi oró aláǹtakùn sínú bakitéríà kan kí ó lè máa pa àwọn ẹ̀fọn tí oògùn ò pa mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, kí ni kò ní jẹ́ kí ara ẹ̀fọn tún gbó sí bakitéríà yẹn bó ṣe gbó sí oògùn? Bí bakitéríà ọ̀hún bá sì wọ inú omi tí à ń mu ńkọ́?

Ìdáhùn: Nínú ìbéèrè mẹ́ta tí ẹ bi mí, ẹ̀ẹ̀kejì ló ká mi lára jù. Ẹ má bínú tí mo bá pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ aláǹtakùn kúrò nílẹ̀ ná.

Ohun tí wọ́n fi oró aláǹtakùn sí nínú kì í ṣe bakitéríà. Ehu ni, orúkọ rẹ̀ ni Metarhizium pingshaense. Àwọn olùwádìí mú jíìnì tí aláǹtakùn olóró kan ní Ọsirélíà fi ń ṣe oró rẹ̀, wọ́n fi í sínú ehu yìí, wọ́n sì tò ó débi pé ehu kì í pèsè oró náà àfi ìgbà tó bá ti wọnú ẹ̀jẹ̀ kòkòrò. Ní Soumousso, ní Burkina Faso, wọ́n kọ́ gbàgede ńlá kan tí wọ́n fi àwọ̀n bò yíká, wọ́n fi ahéré, ewéko àti omi sí inú rẹ̀, wọ́n sì tú ẹ̀fọn tí oògùn ò pa mọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n po ehu náà mọ́ epo yànmọ̀tí, wọ́n fi í kun aṣọ dúdú, wọ́n gbé aṣọ kọ́ ara ògiri. Nígbà tó di ọjọ́ 45, ẹ̀fọn 1,396 ni wọ́n kà níbi tí kò sí ehu kankan. Níbi tí wọ́n ti lo ehu tí wọn ò tún ṣe, 455 ni. Níbi tí ehu olóró wà, 13 péré. Ọdún 2019 ni wọ́n gbé àbájáde yìí jáde, gbogbo ìwé ìròyìn ló sì gbé e. Ibẹ̀ ni mo rò pé ẹ ti gbọ́ ọ.

Ìyàtọ̀ àárín ehu àti bakitéríà ju ti orúkọ lọ o. Ehu máa ń gba ara awọ wọ inú kòkòrò. Ẹ̀fọn á kàn bà lé e, ó parí. Bakitéríà ní tirẹ̀ ní láti gba ẹnu wọlé, àfi kí ẹ̀fọn jẹ ẹ́ tàbí kó mu ún. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu yìí sọ́kàn, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun ni olórí ìṣòro gbogbo iṣẹ́ yìí.

Kí ló wá dé tí oògùn ò fi pa ẹ̀fọn mọ́? Ìdílé oògùn kan ṣoṣo, tí a ń pè ní pyrethroid, ni wọ́n fi rẹ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọ̀n ẹ̀fọn. Ilẹ̀kùn kan wà lára iṣan ẹ̀fọn tí èròjà sodium ń gbà wọlé. Pyrethroid á di ilẹ̀kùn náà mú kó má lè padé, iṣan á máa gbọ̀n, ẹ̀fọn á ṣubú. Bí ẹyọ lẹ́tà kan bá yí padà nínú jíìnì tó ń kọ́ ilẹ̀kùn yìí, oògùn ò ní rí ibi dì mú mọ́. Àwọn ẹ̀fọn mìíràn ò yí ilẹ̀kùn padà. Ènsáìmù ni wọ́n ń pèsè lọ́pọ̀lọpọ̀, èyí tó ń fọ́ oògùn sí wẹ́wẹ́ kó tó dé iṣan. Ti àwọn kan sì ni pé awọ ẹsẹ̀ wọn ti nípọn, tó bẹ́ẹ̀ tí oògùn fi máa ń pẹ́ kó tó ráyè wọlé. Ẹ̀fọn kan náà lè ní gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ yìí ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1948 ni wọ́n fún Paul Müller ní ẹ̀bùn Nobel nítorí DDT, oògùn apakòkòrò kan. Ẹ̀fọn etí òkun ní Florida ti ń gbó sí DDT láti 1947. Ẹ̀fọn ò dúró de ayẹyẹ.

Ohun tó sì jẹ́ kó jẹ́ ọ̀ràn ńlá ni pé àwọ̀n ẹ̀fọn kì í ṣe ohun kékeré. Nínú gbogbo ibà tí ìdènà ká lọ́wọ́ kò ní Áfíríkà láàrin ọdún 2000 sí 2015, iye tí wọ́n gbà pé àwọ̀n olóògùn ló ṣe é tó 68 nínú 100.

Bakitéríà tó ń pa ẹ̀fọn kì í ṣe àlá. Ní 1976, ní aginjù Negev ní Ísírẹ́lì, Joel Margalith rí adágún kékeré kan tí tanwíji ti ń kú sínú rẹ̀ lọ rẹpẹtẹ. Inú ẹrẹ̀ ibẹ̀ ni bakitéríà tí a wá mọ̀ sí Bti ti jáde, Bacillus thuringiensis israelensis ní kíkún. Tanwíji á gbé e mì pẹ̀lú oúnjẹ. Omi inú ìfun tanwíji dà bí omi eérú, ó máa ń ta gidigidi, omi yìí ló sì ń yọ́ wóró lílekoko kan tó wà nínú bakitéríà náà di májèlé. Májèlé á lu ògiri ìfun ní ihò, tanwíji á kú láàrin wákàtí mélòó kan. Ikùn èèyàn kì í ta báyẹn, kíkan ló máa ń kan, ògiri ìfun wa kò sì ní ibi tí májèlé yìí máa ń so mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dà á sínú omi tí ẹja ò sì kú.

Àmọ́ Bti ní àléébù tó ń bí mi nínú. Ó máa ń rì. Tanwíji Anopheles, ìyẹn èyí tó ń dàgbà di ẹ̀fọn ibà, ojú omi ló ti ń jẹun. Ó máa ń nà gbalaja sójú omi bí igi tó léfòó. Oúnjẹ lọ sísàlẹ̀, ẹlẹ́nu wà lókè. Oòrùn tún ń ba Bti jẹ́, ẹrẹ̀ ń bò ó mọ́lẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n á ní láti tún òmíràn dà. Ibí yìí gan-an ni títún bakitéríà ṣe ti wúlò. Ní Yunifásítì Ben-Gurion, wọ́n mú jíìnì májèlé Bti, wọ́n fi í sínú Anabaena, bakitéríà aláwọ̀ ewé tó ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ ara rẹ̀, tó ń gbé inú omi, tí tanwíji sì ń jẹ lójoojúmọ́. Èrò náà dùn mọ́ mi: dípò kí èèyàn máa gbé májèlé kiri odò, májèlé á máa hù fúnra rẹ̀ níbi tí ẹnu wà. Ohun tó ń hù fúnra rẹ̀ ni kò sì rọrùn láti fà tu. Ẹ má gbàgbé ìyẹn, a ó dé ibẹ̀.

Ó yá, ìbéèrè yín kejì: ṣé ara ẹ̀fọn ò ní gbó sí bakitéríà náà?

Ó lè gbó. A ti rí i. Bakitéríà kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀gbọ́n àbúrò pẹ̀lú Bti, Lysinibacillus sphaericus. Òun náà ń pa tanwíji, pàápàá ti Culex, irú ẹ̀fọn mìíràn, ó sì máa ń pẹ́ ju Bti lọ nínú omi ìdọ̀tí. Májèlé rẹ̀ jẹ́ méjì tó so pọ̀ bí ẹyọ kan, ibì kan ṣoṣo ló sì ń so mọ́ lára ìfun Culex. Ẹyọ kọ́kọ́rọ́ kan, ẹyọ ilẹ̀kùn kan. Ní Faransé, Íńdíà, Brazil àti Ṣáínà, Culex kan yí ilẹ̀kùn padà, bakitéríà sì di oúnjẹ lásán fún wọn.

Bti ńkọ́? Wọ́n ti ń lò ó láti bí ogójì ọdún, síbẹ̀ ara ẹ̀fọn kò tíì gbó sí i bẹ́ẹ̀ ní pápá. Nígbà tí eṣinṣin dúdú tó ń fa ìfọ́jú odò ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà gbó sí oògùn temephos ní nǹkan bí 1980, Bti wà lára ohun tí ètò ìgbógunti ìfọ́jú odò gbé rọ́pò rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́. Ohun tó fà á ni pé májèlé Bti kì í ṣe ẹyọ kan. Mẹ́rin ló ṣe pàtàkì nínú wọn, mẹ́ta ń wá ilẹ̀kùn lára ìfun, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹrin, Cyt1A, kò bèèrè ilẹ̀kùn rárá. Ọ̀rá inú awọ sẹ́ẹ̀lì ló ń rọ̀ mọ́, tó bá sì ti jókòó síbẹ̀ tán, òun gan-an á di ilẹ̀kùn fún àwọn mẹ́ta tó kù. Ní 1997, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Kalifóníà ní Riverside gbé àbájáde ìdánwò kan jáde: wọ́n fi àwọn májèlé wọ̀nyí tọ́ Culex láti ìran dé ìran. Àwọn tí wọ́n fún ní ẹyọ májèlé kan gbó sí i kíákíá. Àwọn tí Cyt1A wà nínú oúnjẹ wọn, agbára káká ni wọ́n fi gbó díẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá fi Cyt1A kún májèlé sphaericus, àwọn Culex tó ti borí sphaericus tẹ́lẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Èyí ló jẹ́ kí Brian Federici àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Riverside kó jíìnì májèlé Bti àti ti sphaericus sínú bakitéríà kan ṣoṣo. Lójú Culex, èyí tí wọ́n tò jọ yìí lágbára tó ìlọ́po mẹ́wàá ti èyí tí wọn ò tún ṣe. Ìròyìn máa ń pariwo ìlọ́po mẹ́wàá. Lójú tèmi, ìyẹn kọ́ ni ẹ̀bùn ibẹ̀. Ẹ̀bùn ibẹ̀ ni pé ẹ̀fọn tó bá fẹ́ yè é ní láti yí nǹkan mélòó kan padà lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀fọn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n.

Síbẹ̀, ṣíṣọ̀wọ́n kì í ṣe àìsí. Ohunkóhun tó bá ń pa ẹ̀fọn ní kékeré, kó tó yé ẹyin, ń ṣa ẹ̀fọn fún wa ni: ó ń pa àwọn tó rọrùn ún pa, ó ń fi àwọn tó le sílẹ̀ kí wọ́n bímọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọkàn mi fà sí ọ̀nà mìíràn, èyí tí kì í pa ẹ̀fọn rárá.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ jẹ́ ká wo inú ìfun ẹ̀fọn. Tó bá fa ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ibà ń ṣe, ọ̀pọ̀ Plasmodium, ìyẹn kòkòrò tó ń fa ibà gan-an, á bá a wọlé. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń yè. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, àwọn tó yè á lu ògiri ìfun já, wọ́n á jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀ bíi kókó. Ẹ̀fọn tó ń gbé pẹ̀lú àwa èèyàn, tí kì í ṣe ti ilé ìwádìí, kì í sábà ní ju kókó márùn-ún lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kókó kan ṣoṣo á bẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ á tú jáde, wọ́n á gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ilé itọ́ láti dúró de ẹni tí ẹ̀fọn máa jẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tó ọjọ́ 10 sí 14.

Ẹ rí i pé ojú ọ̀nà kan há níbẹ̀ ju gbogbo ibi yòókù lọ, inú ìfun ni. Inú ìfun yẹn náà ni bakitéríà ń gbé. Tí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti wọlé, bakitéríà á rí oúnjẹ, wọ́n á pọ̀ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún títí dé ẹgbẹ̀rún láàrin ọjọ́ kan sí méjì. Ìgbà tí ọ̀tá kéré jù gan-an ni ọmọ ogun ń pọ̀ jù. Bí èèyàn bá fún àwọn ọmọ ogun yẹn ní ohun ìjà ńkọ́?

Ohun tí Marcelo Jacobs-Lorena, Sibao Wang àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Johns Hopkins ṣe nìyẹn. Wọ́n mú Pantoea agglomerans, bakitéríà tó ń gbé inú ìfun ẹ̀fọn tẹ́lẹ̀, wọ́n fún un ní jíìnì purotéènì tó ń ba Plasmodium jà. Ọ̀kan lára wọn wá láti inú oró àkekèé, nítorí náà olóró kan ṣì wà nínú ìtàn náà, bí kì í bá tiẹ̀ ṣe aláǹtakùn. Wọ́n tún fún bakitéríà náà ní ọ̀nà tí á fi máa ta purotéènì náà síta, torí èyí tó bá dúró sínú bakitéríà kò lè bá Plasmodium pàdé. Ní 2012, wọ́n ròyìn pé kókó ibà dín kù tó 98 nínú 100.

Báwo ni wọ́n ṣe fún ẹ̀fọn mu? Nínú omi ṣúgà, lára òwú. Ẹnu náà la tún padà sí. Nílé ìwádìí, ẹ̀fọn ò rí ohun mìíràn mu. Níta, òdòdó pọ̀ lọ súà. Ojútùú kan jáde ní 2017, nígbà tí Wang, tó ti wà ní Ṣáńgháì nígbà náà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ti bakitéríà kan tó ń jẹ́ Serratia AS1. Èyí kì í dúró de òwú. Akọ ẹ̀fọn á fi ran abo nígbà tí wọ́n bá gùn, abo á yé e mọ́ ara ẹyin, ẹyin á gbé e lọ sínú omi, tanwíji á gbé e mì. Jíìnì tí wọ́n sì fún un kì í ṣe ẹyọ kan, márùn-ún ni, gẹ́gẹ́ bí Bti ti kọ́ wa.

Kí ni gbogbo èyí ní í ṣe pẹ̀lú ìbéèrè yín? Ẹ̀fọn tí oògùn ò pa mọ́ ṣì ń mu omi òdòdó, ó ṣì ń gùn, ìfun rẹ̀ kò yàtọ̀. Àyípadà tó gbà á lọ́wọ́ pyrethroid kò wúlò fún un níhìn-ín. Ju ìyẹn lọ, bakitéríà yìí kò pa á, kò sí ìdí tí ìran rẹ̀ fi máa sáré wá ọ̀nà àbáyọ. Ní 2009, Andrew Read àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìṣirò ṣàlàyé nǹkan tó sún mọ́ èyí: àgbà ẹ̀fọn nìkan ló ń kó ibà ranni, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn ti kú kí ọjọ́ 10 tó pé, bí oògùn bá lè fi àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ kí wọ́n yé ẹyin, kó wá pa àwọn àgbà, ibà á dín kù, ara ẹ̀fọn ò sì ní tètè gbó. Ẹni tó máa jà síhìn-ín ni Plasmodium. Òun ni ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, òun ló sì máa wá ọgbọ́n. Ìdí tí jíìnì fi gbọ́dọ̀ ju ẹyọ kan lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé bakitéríà kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ní Japan, ní 2012, wọ́n fi hàn pé kòkòrò kan tó ń ba ẹ̀wà jẹ́ ń gbé bakitéríà Burkholderia láti inú ilẹ̀ sínú ìfun rẹ̀, bakitéríà náà ló sì ń ba oògùn fenitrothion jẹ́ fún un. Ohun tí a fẹ́ fi ṣe ọmọ ogun, ọ̀tá ti fi ṣe é ṣáájú wa.

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá Wolbachia, bakitéríà kan tó ń gbé inú ara kòkòrò, náà ni gbogbo èyí. Rárá. Wolbachia kò ní jíìnì tí ẹnikẹ́ni tún ṣe. Ara eṣinṣin èso ni wọ́n ti mú irú rẹ̀ kan, wọ́n fi í sínú irú ẹ̀fọn tó ń jẹ́ Aedes, dengue, àìsàn mìíràn tí ẹ̀fọn ń kó ranni, ló sì ń dènà. Ní Yogyakarta ní Indonéṣíà, ó dín dengue kù ní 77 nínú 100, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ròyìn ní 2021.

Ti omi mímu wá kù. Bti tí wọn ò tún ṣe kò yẹ kó bà yín lẹ́rù. Àwọn tí wọ́n tún ṣe ni kí ẹ bi wọ́n léèrè, wọn ò sì rí bákan náà. Nínú ẹbí Serratia, àwọn kan wà tó máa ń mú aláìsàn tí ara rẹ̀ kò dá nílé ìwòsàn, torí náà mi ò ní dìbò fún un lónìí bí ìtànkálẹ̀ rẹ̀ ṣe wù mí tó. Ibi tí jíìnì tuntun wà nínú bakitéríà tún ṣe pàtàkì. Plasmid, ìyẹn òrùka jíìnì kékeré kan, ni wọ́n máa ń lò nínú ìdánwò àkọ́kọ́. Bakitéríà kan máa ń fún òmíràn ní plasmid rẹ̀ bí ẹni ń fún aládùúgbò ní iná. Lára plasmid ni jíìnì tó ń borí oògùn apakòkòrò àìsàn sábà máa ń wà pẹ̀lú, torí àwọn olùwádìí ń fi dá bakitéríà tiwọn mọ̀. Irú èyí kò gbọ́dọ̀ jáde sí gbangba. Àfi kí wọ́n gbé jíìnì náà sínú kúrómósómù, ìyẹn ibi tí ojúlówó jíìnì bakitéríà fúnra rẹ̀ wà, kí wọ́n sì yọ àmì yẹn kúrò. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọn kì í gba ìwé ìrìnnà: ohun tó ń ti ara akọ ran abo á kọjá ààlà orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i bọ́ sí èyí tí kò fọwọ́ sí i.

Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, Delftia tsuruhatensis TC1 ni mo máa kọ́kọ́ wò. Kò sẹ́ni tó tún jíìnì rẹ̀ ṣe. Ilé ìwádìí kan tó jẹ́ ti GSK, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn, ní Sípéènì ni wọ́n ti ṣàkíyèsí pé ẹ̀fọn wọn kò gba Plasmodium mọ́, wọ́n wá ìdí rẹ̀, wọ́n bá bakitéríà yìí nínú ìfun wọn. Ó ń tú èròjà kan tó ń jẹ́ harmane jáde, èyí tó ń dá Plasmodium dúró. Ọdún 2023 ni wọ́n gbé e jáde, wọ́n sì ti dán an wò ní gbàgede alááwọ̀n ní Burkina Faso. Kì í ranni láti ara akọ sí abo, ìyẹn sì ni àléébù rẹ̀ àti ìdí tí mo fi fọkàn tán an: bí wọ́n bá dáwọ́ fífún ẹ̀fọn dúró, á kásẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ má tíì ká àwọ̀n yín kúrò. Láti 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń dámọ̀ràn àwọ̀n tí wọ́n fi chlorfenapyr kún pyrethroid rẹ̀ níbi tí ara ẹ̀fọn ti gbó sí oògùn. Ọ̀nà tí chlorfenapyr ń gbà pa ẹ̀fọn kò kan ilẹ̀kùn iṣan rárá, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń rí agbára ló ń bàjẹ́. Bí wọ́n bá sì wá bá yín lọ́jọ́ kan pé àwọn fẹ́ dán bakitéríà tí àwọn tún ṣe wò nítòsí yín, ẹ bi wọ́n pé jíìnì mélòó ló wà nínú rẹ̀, pé ṣé plasmid ló wà tàbí kúrómósómù, àti pé bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́, báwo ni wọ́n á ṣe kó o padà. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdáhùn tó kẹ́yìn yẹn, nítorí òun ni ẹnu máa ń wúwo lórí rẹ̀ jù.